Lùkímíà: Ẹ Má Dúró De Oògùn Òkèèrè Nígbà Tí Ọ̀nà Ifẹ̀ Wà

Nínú abala ìlera àti ìmọ́tótó yìí, omi mímu, ẹ̀fọn, ọwọ́ fífọ̀ àti ìgbẹ́ gbuuru ni a sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé àwọn ló ń bá wa fínra jù ní etí omi. Ṣùgbọ́n láti bí ìgbà díẹ̀ ni àwọn òbí ti ń mú fóònù wá bá wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tí wọ́n ń bi wá pé ṣé lóòótọ́ ni àwọn òyìnbó ti rí oògùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ṣé inú ìwọ́ ọmọ tuntun ni wọ́n ti ń mú un, ta ló sì ń tà á ní Nàìjíríà. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ìbéèrè àkọ́kọ́, òótọ́ púpọ̀ wà nínú ìkejì. Ní ti ìkẹta, kò sí ẹni tó ń tà á. Ẹni tó bá ní òun ní in nínú ìgò tàbí nínú páálí, ẹ sá fún un.

Mùdùnmúdùn inú egungun ni Ọlọ́hun fi ṣe orísun ẹ̀jẹ̀ wa. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ pupa ti ń wá, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá àrùn jà ti ń wá, ibẹ̀ náà sì ni èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá nígbà tí a bá fara pa ti ń wá. Lùkímíà ni kí irú ẹ̀jẹ̀ funfun kan kọ̀ láti dàgbà bó ṣe yẹ, kí ó kọ̀ láti kú nígbà tó yẹ, kí ó wá máa bí sí i títí yóò fi gba ilé mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Nígbà náà ni ojú aláìsàn yóò máa funfun, ibà yóò dé tí kò ní lọ, imú tàbí èrìgì yóò máa ṣẹ̀jẹ̀, ara yóò máa dúdú níbi tí nǹkan kò gbá. Oríṣi kan wà tó ń yára pani láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀, èyí ló wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọdé. Oríṣi mìíràn a máa rọra wọlé fún ọdún bíi mélòó kan: èèyàn á máa rù, á máa làágùn lóru, ikùn rẹ̀ lápá òsì á le, á wú lábẹ́ ìhà, oúnjẹ díẹ̀ á sì ti yó o.

Ẹ wo àwọn àmì yẹn dáadáa. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a kì í pè ní ibà tàbí taifọ́ọ̀dù. Àwa tí a ń ta oògùn mọ̀ ọ́n dájú, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dé. Wọ́n á ra oògùn ibà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á rà á lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á mu àgbo jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ lé e, oṣù mẹ́ta á ti lọ.

Ní ti ohun tí wọ́n rí nínú ìwọ́ ọmọ, ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé rẹ̀, nítorí pé ó yẹ ní mímọ̀. Lára ẹ̀jẹ̀ funfun wa ni irú sẹ́ẹ̀lì kan wà tí àwọn onímọ̀ ṣàkíyèsí ní 1975, ní Sweden àti ní Amẹ́ríkà. Wọ́n sọ ọ́ ní natural killer, a máa ń ké e kúrú ní NK. Ẹ fi í wé ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń wò bóyá àmì ọmọ ilé wà lára sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá ní àmì náà, tàbí tó bá ń ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ó lè pa á láìdúró kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ kọ́ ọ. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ sì gbọ́n, ó mọ bí a ti ń fara pamọ́ fún ọlọ́dẹ, iye ọlọ́dẹ náà sì lè má tó.

Ohun tí àwọn dókítà kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n gba sẹ́ẹ̀lì yìí lára ẹbí tí ara rẹ̀ le, wọ́n fà á sára aláìsàn. Ní 2005, àwọn oníṣègùn ní Minnesota ní Amẹ́ríkà gbé ìròyìn jáde lórí èyí: nínú aláìsàn 19 tí lùkímíà wọn le débi pé ìrètí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pin, 5 ni wọn kò rí àmì àrùn náà lára wọn mọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú. Márùn-ún nínú mọ́kàndínlógún kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọ̀nà wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ Dókítà Katy Rezvani, ní ọsibítù MD Anderson ní ìlú Houston, mú ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ, èyí tí ìyá ti bímọ tán tí a ì bá sọ nù tàbí tí a ì bá rì mọ́ilẹ̀. Wọ́n ṣa sẹ́ẹ̀lì NK inú rẹ̀, wọ́n fún un ní ohun tuntun mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ohun tí yóò fi dá àmì kan mọ̀, àmì tí wọ́n ń pè ní CD19, tó máa ń wà lára irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan. Èkejì ni ohun tí yóò máa bọ́ ọ kí ó má tètè kú. Ẹ̀kẹta ni ohun tí dókítà lè fi pa á bó bá di ewu sí aláìsàn. Èyí tó kẹ́yìn yìí wú wa lórí ju méjì yòókù lọ, nítorí pé àwa apòògùn mọ̀ pé oògùn tí kò ní ìdádúró, ẹrù ńlá ni. Ní oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: aláìsàn 11 ni wọ́n fún, ara 8 gbà á, nínú àwọn 8 yìí, 7 kò ní àmì àrùn náà mọ́. Kò dà wọ́n láàmú bí àwọn ìtọ́jú tó ṣáájú rẹ̀ ti máa ń ṣe. Ní 2024, wọ́n tún sọ̀rọ̀ lórí aláìsàn 37, àwọn tí ara wọn gbà á sì sún mọ́ ìdajì. Wọ́n tún rí i pé ìwọ́ tí wọ́n bá tètè fi sínú yìnyín láàárín wákàtí 24 tí wọ́n gbà á ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù.

Kí ẹ kíyè sí i: aláìsàn 37 ni o, kì í ṣe 37,000. Ìdánwò ni. Àwọn tí wọ́n fún jẹ́ ẹni tí oògùn mìíràn ti kùnà lára wọn, wọ́n sì kọ́kọ́ fi oògùn líle nu ara wọn mọ́ kí wọ́n tó fa sẹ́ẹ̀lì náà sí wọn lára. Fún lùkímíà oríṣi mìíràn, èyí tí wọ́n ń pè ní AML, iṣẹ́ náà ṣòro sí i, nítorí pé àwọn àmì tó wà lára àrùn náà wà lára mùdùnmúdùn tó dára pẹ̀lú. Bí ọlọ́dẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa gbogbo ẹni tó wọ aṣọ kan náà, ará ilé á bá a lọ.

Sẹ́ẹ̀lì yìí, ohun alààyè ni. Inú òtútù tó lọ sísàlẹ̀ òdo ju 150 lọ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, inú iṣan ni wọ́n sì ń fà á sí. Ní ibi tí a ti ń sá kiri wá yìnyín fún àjẹsára ọmọdé, ta ló máa gbé e dé Ùgbònlá nínú báàgì? Àwọn kan ń ta ìyẹ̀fun àti oògùn oníhóró, wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì ló wà nínú rẹ̀, pé ó ń wo jẹjẹrẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti àìrọ́mọbí pọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí a bá gbé mì, inú yóò lọ̀ ọ́ bó ti ń lọ ẹja. Ẹ má tìtorí rẹ̀ ta ọkọ̀ ojú omi yín.

Àwọn kan bi wá ní ti ẹ̀sìn, ìbéèrè gidi sì ni. Ṣé kì í ṣe pé a ń yí ìṣẹ̀dá Ọlọ́hun padà? Àwa kì í ṣe Alfa, a ò sì ní gba iṣẹ́ Alfa ṣe. Ohun tí a mọ̀ ni pé àwọn àgbà onímọ̀ tó pàdé ní Mẹ́kà lábẹ́ ẹgbẹ́ Mùsùlùmí àgbáyé, Muslim World League, ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, gbà pé ó tọ́ láti lo ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ àti ibi ọmọ fún ìwòsàn bí òbí bá yọ̀ǹda. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tún ṣe yìí kò sì wọ inú àtọ̀ tàbí ẹyin, kò ní dé ara ọmọ tí aláìsàn bá bí. Àwọn ìyá kan tún béèrè pé bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ tiwọn bá wọ ara ọmọkùnrin ẹlòmíràn, ṣé wọn ò ní di ọmọ ìyá kan náà bíi ti ọmú, tí wọn ò fi ní lè fẹ́ra wọn? Ìpàdé àwọn onímọ̀ kan náà ti dáhùn ìyẹn ní 1989 nípa gbígba ẹ̀jẹ̀: ti ọmú yàtọ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í dá èèwọ̀ ìgbéyàwó sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kúlẹ̀kúlẹ̀, kí ó bi Lèmọ́mù.

A sọ gbogbo èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀nà náà kì í ṣe àlá. Ṣùgbọ́n èrò wa, tó jẹ́ ìdí tí a fi kọ ìwé yìí, ni pé bí lùkímíà bá pa ọmọ Ìlàjẹ kan lọ́dún yìí, kì í ṣe àìsí sẹ́ẹ̀lì NK ni yóò pa á. Pípẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà àti owó ọ̀nà ni.

Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí Ifẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2001 ni wọ́n fọwọ́ sí oògùn kan tí ń jẹ́ imatinib ní Amẹ́ríkà. Orúkọ tí ilé iṣẹ́ Novartis fi ń tà á ni Glivec. Lùkímíà tó ń rọra wọlé, èyí tí wọ́n ń pè ní CML, ni ó wà fún. Àṣìṣe kan ní ibi tí kírómósómù 9 àti 22 ti pààrọ̀ ara ló ń dá àrùn náà sílẹ̀, oògùn yìí sì ń di ẹnu àṣìṣe náà gan-an. Ṣáájú rẹ̀, ọdún díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ń lò láyé. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá ń lò ó dáadáa lè dàgbà kí ó rí ọmọọmọ rẹ̀. Oògùn ọlọ́rọ̀ ni nígbà náà, ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ sì ni èyí tí wọ́n ń sọ nípa sẹ́ẹ̀lì NK lónìí, pé kì í ṣe fún irú àwa yìí.

Ní 2003 ni ó dé ọsibítù ẹ̀kọ́ ti Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Durosinmi, onímọ̀ ẹ̀jẹ̀, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló gbé e kalẹ̀, nínú ètò tí Novartis àti àjọ Max Foundation jọ ṣe fún àwọn tí kò lágbára láti rà á. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún aláìsàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ifẹ̀ nìkan ni ibi tí a ti ń rí i gbà lọ́nà yìí ní gbogbo Nàìjíríà. Àwọn èèyàn ń ti òkè Ọya wá, wọ́n ń ti ìlà oòrùn wá, ó dí ibùdó àwọn aláìsàn tí ilé wọn jìnnà. Ohun tí àwọn dókítà ibẹ̀ sì ń sọ léraléra nínú ìwé wọn ni pé aláìsàn tiwa kéré lọ́jọ́ orí ju ti àwọn òyìnbó lọ. Àwọn tó ṣì ń tọ́mọ ni.

Ẹ wá fi Ùgbònlá sí i. Ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé wa dé Igbókòdá, lẹ́yìn náà mọ́tò, Òkìtìpupa, Ọ̀rẹ̀, Oǹdó, kí a tó kan Ifẹ̀. Bí omi òkun bá ru, kò sí ìrìn lọ́jọ́ náà. Wọ́n lè fún ọ lóògùn lọ́fẹ̀ẹ́, wọn ò ní san owó ọkọ̀ fún ọ, wọn ò ní san owó ibi tí o máa sùn, àyẹ̀wò kan sì wà tí aláìsàn ní láti fi owó ara rẹ̀ ṣe. Apẹja tí kò sọ àwọ̀n rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ilé rẹ̀ ò jẹun. Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ ni pé aláìsàn á lọ lẹ́ẹ̀mejì, ara á fẹ́rẹ̀ẹ́ yá, á ní òun ti gbádùn, á jókòó sílé. CML kì í lọ nítorí pé ara yá. Ẹni tó bá dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀, àrùn náà lè padà pẹ̀lú agbára tí oògùn kò ní ká mọ́.

Níbi tí a dé yìí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ bí apòògùn. Wọ́n sábà máa ń lo imatinib lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, pẹ̀lú oúnjẹ àti ife omi ńlá, nítorí pé ó máa ń da inú rú. Ní oṣù àwẹ̀, ẹni tí dókítà rẹ̀ bá gbà kí ó gbààwẹ̀ lè lò ó lẹ́yìn ìṣínu tàbí ní ìdí oúnjẹ sààrì, wákàtí kan náà lójoojúmọ́. Ẹni tí dókítà bá ní kí ó má gbààwẹ̀, Ọlọ́hun ti fún aláìsàn láyè, kí ó má fi agídí pa ara rẹ̀. Ẹ má ṣe fi àgbo kún un láìsọ fún dókítà; àwọn ewé kan wà tó ń lé oògùn yìí jáde lára kí ó tó ṣiṣẹ́. Obìnrin tó bá lóyún tàbí tó ń wá ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ.

Imatinib kò sì wà fún gbogbo lùkímíà. Ọmọdé tó ní èyí tó ń yára, oògùn líle tí wọ́n ń fà sí iṣan ni yóò gbà fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀jẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ nílò. Nígbà mìíràn, apá ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá ni wọ́n ń wá, ìyẹn kì í sì lò ju bí ọjọ́ márùn-ún lọ nínú ìpamọ́, a ò lè kó o jọ sílẹ̀ de oṣù tó ń bọ̀. Níbí ni a ti fẹ́ bá ẹ̀yin ọkùnrin wí díẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ní kí ẹbí wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ni gbogbo yín máa ń rántí pé ẹ ní iṣẹ́ lójú omi. Ọ̀pọ̀ aládùúgbò wa jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, àwọn náà ń bímọ, àwọn náà ń ṣàìsàn, ẹ̀jẹ̀ kò sì mọ ṣọ́ọ̀ṣì yàtọ̀ sí mọ́sáláṣí.

Ohun kan tún wà nípa ìran wa. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2014 fi hàn pé òyìnbó tó nílò mùdùnmúdùn ẹlòmíràn, nǹkan bíi 75 nínú 100 wọn ni yóò rí ẹni tó bá a mu pátápátá nínú ìwé orúkọ àwọn tó fẹ́ fi í sílẹ̀. Àwa aláwọ̀ dúdú, kò pé 20 nínú 100. Seun Adebiyi, ọmọ Nàìjíríà tó ka ìwé òfin ní Yale, bá ara rẹ̀ nínú ìṣòro yìí nígbà tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mú un ní 2009. Kò rí ẹni tó bá a mu. Ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ tí obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan fi sílẹ̀ ló gbà á là. Ní 2012, ó wá bá wọn dá ìwé orúkọ irú èyí sílẹ̀ ní Enugu. Ẹ rò ó wò: ìwọ́ tí ìyá kan ì bá rì mọ́ilẹ̀. Àwa ò sọ pé kí a máa kó ìwọ́ jọ ní Ùgbònlá, a ò ní ibi tí a máa kó o sí. Ṣùgbọ́n aboyún wa tó bá bímọ ní ìlú ńlá, tí ọsibítù bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó má bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ fi ṣoògùn owó.

Èyí tó kù jẹ́ ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó, a ò sì fẹ́ gbàgbé rẹ̀. Nínú epo pẹtiróòlù ni bẹ́ńsíìnì wà, ó sì ti dájú pé bẹ́ńsíìnì lè fa lùkímíà AML. Ẹ dẹ́kun fífi ẹnu fa epo láti inú kẹ́ẹ̀gì sí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ yín. Ẹ má gbé kẹ́ẹ̀gì epo sínú yàrá tí ọmọ ń sùn. Ẹ má fi pẹtiróòlù fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá kun ọkọ̀ tán, ọṣẹ àti òróró á bó o.

Àwọn àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ ti sọ fún wa pé ibà ló ń pa ọmọ jù, kí ló dé tí a fi ń pariwo lùkímíà tí kì í kan ju ènìyàn díẹ̀ lọ? Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwọ̀n. Èsì wa ni pé ẹnu ọ̀nà kan náà ni méjèèjì ń gbà wọlé. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní FBC, èyí tí wọ́n fi ń ka ẹ̀jẹ̀ pupa àti funfun, kì í ṣe ohun tó wọ́n ju agbára lọ. Ẹ̀jẹ̀ funfun ẹni tí ara rẹ̀ le máa ń wà láàárín 4,000 sí 11,000. Ti ẹni tó ní CML lè kọjá 100,000. Ìwé pélébé kan ló ń sọ ọ́. Ibà tí a ti lo oògùn tó péye fún tí kò lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí a má ra oògùn ibà mìíràn, kí a lọ ṣe FBC ní ọsibítù ìjọba ní Igbókòdá tàbí Òkìtìpupa, kí a sì mú ìwé náà dání lọ sí ibi tí wọ́n bá ní kí a lọ.

Àbá tí a fi síwájú ẹgbẹ́ ni pé kí a ya apá kan sọ́tọ̀ nínú sàráà Jímọ̀ fún owó ọkọ̀ àti àyẹ̀wò àwọn tí àìsàn bá gbé rékọjá omi, ẹni yòówù kí ó jẹ́ nínú ìlú. Bóyá ó lè wọ inú sàká fún aláìní, a ti fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn Alfa wa. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí a ń dáwó fún lọ́wọ́lọ́wọ́ dára, a ò ta ko o. Àwa kàn rò pé ó lè dúró kí ọdún yí padà. Àwọn tó fẹ́ máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n fi orúkọ wọn àti oríṣi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ẹni tí kò bá mọ oríṣi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ó wá bá wa ní ìdí tábìlì oògùn, a ó sọ ibi tí yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò fún un.